Ẹ́ńjìnì Ń Ké, Ọkọ̀ Ò Lọ

Ní àdúgbò wa lẹ́yìn Ibafo, tí òjò oṣù keje bá ti rọ̀ dáadáa, odò Ògùn a kúrò ní àyè rẹ̀, a wá bá wa nílé. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn fi ń gba orí ìgànná ara wọn kọjá lọ sí títì.

Mùsáfírù ọmọ mi ló ń wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ pákó ni, ó ń gba èèyàn mẹ́wàá, ẹ́ńjìnì sì wà nídìí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Fadilah ọmọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wọ ọkọ̀. Ìdánwò àṣejáde ni wọ́n ń lọ ṣe. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń lọ sí Mowe.

Mùsáfírù fa okùn, ẹ́ńjìnì dáhùn. À ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Nígbà tí a dé ojú odò gan-an, níbi tí omi ti ń sáré, ó fún ẹ́ńjìnì ní agbára sí i. Ẹ́ńjìnì bá ké bí ẹ̀rọ ata tí kò sí ata nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ò sún síwájú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ sí ìdí òpó afárá.

"Dádì! Kí ló dé?" Fadilah ti fẹ́ dìde.

"Jókòó! Ẹnikẹ́ni má dìde!"

Ó dín ẹ́ńjìnì kù, ó sì fa àjẹ̀ yọ. Àjẹ̀ yẹn ló fi wà wá títí ọwọ́ wa fi tó òpó iná kan, a dì í mú. Ìgbà tí a máa fi dé èbúté, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń kọ ìdánwò lọ; díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbà wọ́n wọlé.

Zubair, ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ Mùsáfírù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Epo ni. Epo burúkú ni wọ́n tà fún ẹ."

"Ó ké díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lánàá, mo sì ti da epo nù, mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì," ni Mùsáfírù wí. "Ó máa dáa tó bá di ọ̀la."

"Ọ̀la wo?" ni mo wí. "Fadilah ò ní wọ ọkọ̀ yìí lọ́la."

"Màámi, ìdánwò ìṣirò ni lọ́la. Ọkọ̀ Zubair ti kún. Tí wọn ò bá kọjá omi, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí i lọ́dún tó ń bọ̀ ni."

Mo bá ránṣẹ́ sí Ummulkhair, ọmọbìnrin tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Akute. Ó dé lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Zubair rẹ́rìn-ín. "Híjáàbù lẹ fẹ́ fi tú ẹ́ńjìnì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì ò wo orí mi rí. Ẹ bá mi di ọkọ̀ mú." Ó yíjú sí Mùsáfírù. "Bọ̀dá, ṣé abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnì yìí ti gbá nǹkan rí?"

Abẹ̀bẹ̀ yẹn ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní pùrópẹ́là, irin elétí mẹ́ta tó ń yí nínú omi tó sì ń ti ọkọ̀ lọ.

Mùsáfírù họ orí. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbá orí ìgànná kan tí omi ti bò. Etí rẹ̀ kan ya. Mo gbé e fún Akínọlá alájórin ní Mowe, ó bá mi jó o pọ̀."

"Ó fi iná jó o?"

"Ṣé omi ni ì bá fi jó o ni?"

Ummulkhair ò rẹ́rìn-ín. Ó yá kútẹ́ẹ̀sì pupa lọ́wọ́ Rasheedah, ìyàwó Mùsáfírù. Ó fi fa ìlà kan gbọọrọ lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, láti ara irin inú dé ara òde. Nígbà tó gbẹ, ó ní kí wọ́n fi okùn ńlá so ọkọ̀ mọ́ igi máńgòrò, kí Mùsáfírù fún ẹ́ńjìnì níná. Ẹ́ńjìnì ké. Okùn ò tilẹ̀ le.

Wọ́n pa á, wọ́n gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ìlà tó jẹ́ ọ̀kan ti di méjì. Ti inú wà níhìn-ín, ti òde wà lọ́hùn-ún.

"Rọ́bà ló wà láàárín méjèèjì," ni Ummulkhair wí. "Òun ló ń gba ìkọlù kí ẹ́ńjìnì má bàa bàjẹ́. Iná alájórin ti sè é. Tí ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́, ó ṣì ń di abẹ̀bẹ̀ mú. Tí ẹ bá fún un níná, irin inú á máa yí, abẹ̀bẹ̀ ò ní tẹ̀lé e."

Mùsáfírù wo Fadilah, ó wo ilẹ̀. "Mo sì ń bú ẹlẹ́po."

Ummulkhair ti kó abẹ̀bẹ̀ méjì wá. Mùsáfírù mú èyí tó ń dán. "Eléyìí ni. Ti ọkọ̀ asáré ni."

"Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ ná."

"Mọ́kànlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bó ṣe fẹ̀ tó. Ìkejì ni bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó ní ẹ̀ẹ̀kan tó bá yí. Tí wọ́n bá gbé àpò símẹ́ńtì lé yín lórí, ṣé ẹ máa gbé ẹsẹ̀ gígùn?"

"Kí ẹsẹ̀ mi lè kán?"

"Ọkọ̀ yín ń gbé èèyàn mẹ́wàá."

Kò gbà. Wọ́n kó àpò yanrìn tó wúwo tó èèyàn mẹ́wàá sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi èyí tó wù ú dán an wò. Ẹ́ńjìnì ń kérora, èéfín dúdú ń yọ, ìdí ọkọ̀ wọ omi. Wọ́n wá fi ìkejì sí i, èyí tí nọ́ńbà ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Ọkọ̀ gbórí sókè, ó lọ. Ummulkhair wo aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, ó sì fi wé ohun tí ìwé ẹ́ńjìnì wí.

"Ó bá a mu. Tí nọ́ńbà ìṣísẹ̀ bá kéré ju báyìí lọ, ẹ́ńjìnì á sáré kọjá agbára rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùsáfírù nìkan ló kọ́kọ́ fi ẹrù yanrìn la ojú odò já, ó lọ, ó bọ̀. Ìgbà náà ni mo tó fọwọ́ ara mi so aṣọ ààbò tó ń múni léfòó mọ́ Fadilah lára. Gbogbo wọn jókòó sínú gbọ̀ngàn kí wọ́n tó pín ìwé ìṣirò.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má gbé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì fún alájórin ojú títì. Tí ó bá gbá nǹkan, ẹ fi han ẹni tó mọṣẹ́ kí ẹ tó gbé èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, kì í ṣe èyí tó ń dán lẹ ó wò. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, ẹ rí i pé eyín inú ihò rẹ̀ bá ti ọ̀pá ẹ́ńjìnì yín mu, kí ẹ sì rántí ẹrù tí ẹ ń gbé. Koríko àti okùn àwọ̀n náà máa ń lọ́ mọ́ ọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí àjẹ̀ má sì wọ́n nínú ọkọ̀ láé.

Ẹ̀yin èrò, mo mọ odò yìí láti ìgbà tó jẹ́ pé apá ọkùnrin ló ń ti ọkọ̀. Tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sọ pé ó rẹ àwọn. Ẹ́ńjìnì ò lẹ́nu, igbe nìkan ló ní. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń ké tí ọkọ̀ ò lọ, ẹ má ṣe dákẹ́ torí pé ojú ń tì yín. Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó dín in kù, kó yà sí etí omi. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi tó ń lọ ṣì máa dé ibẹ̀.