Òjò Pa Kòkó Bàbá Akíntóyè

Ní Ìlárá-Mọ̀kín, ẹni tó bá sá kòkó kì í fojú kúrò lójú ọ̀run. Wúrà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kòkó bàbá rẹ̀, Bàbá Akíntóyè, ló sá síwájú ilé lọ́jọ́ kan. Lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó yìí, kòkó náà nìkan ni wọ́n gbójú lé fún iṣẹ́ abẹ ojú bàbá, tí kò ríran mọ́.

Wúrà wà nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ó ń wo fóònù. Bí fídíò kan ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá pariwo láti inú yàrá: "Wúrà, mò ń gbóòórùn òjò o!"

"Mò ń bọ̀, bàbá mi."

"Ṣé o ti fi tapólì bò ó?"

"Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀!"

"Mò ń bọ̀" ẹni tó wà lórí fóònù, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Kí Wúrà tó dìde, òjò ti dé. Bàbá ti táràrà jáde lọ fa tapólì, ó yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ṣubú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán.

Ní ilé ìwòsàn, Wúrà kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fà á, bàbá."

"Ọwọ́ á san," ni bàbá wí. "Àmọ́ látìgbà tójú mi ti fọ́, ohùn rẹ ni mo fi ń ríran. Ohùn àwọn tí mi ò mọ̀ rí nínú fóònù rẹ nìkan ni mò ń gbọ́ nílé báyìí."

Wúrà bú sẹ́kún. Ó dùn ún wọra.

Nọ́ọ̀sì Oyèbọ́lá, tó ń di ọwọ́ bàbá, bi í pé: "Àbúrò mi, láàárọ̀, ta lo kọ́kọ́ ń kí, bàbá àbí fóònù?"

Wúrà ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Nọ́ọ̀sì ní:

"Fóònù ò burú. Ṣùgbọ́n tíṣẹ́ bá wà nílẹ̀, gbé e síbi tọ́wọ́ rẹ ò ti ní tó o. Pa ìró fóònù tó ń pè ọ́ ṣáá. Yan àsìkò tí wàá máa tẹ̀ ẹ́, kó o sì wá nǹkan mìíràn ṣe, torí tọ́wọ́ bá dilẹ̀, fóònù náà ló máa padà mú."

Kòkó tí òjò pa náà bu, kò sẹ́ni tó rà á. Iṣẹ́ abẹ ojú di ọdún tó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, Wúrà máa ń fa bàbá lọ́wọ́ rìn ládùúgbò, á máa ròyìn ohun tó ń rí fún un.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dín fóònù kù. Ẹ má gbé e síbi oúnjẹ tàbí orí ibùsùn. Tẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń gbé bá pè yín, ẹ dìde. Fídíò tẹ́ ò wò lónìí, ẹ ó bá a lọ́la. Àwọn òbí yín ńkọ́, ṣé ẹ ó bá wọn?