Bàjẹ́ Kọ́ Lorúkọ Rẹ̀

Nígbà tí Tóyìn la ẹnu, tó pe "ìfipábánilòpọ̀," àwọn géńdé tó ń ta ayò lẹ́bàá ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́ ọmọ kékeré!" ni ọ̀kan pariwo. Ojú ti Tóyìn débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Àǹtí Edith, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá nínú ilé wọn ní Mushin, ló ń wádìí èrò àwọn aráàlú nípa ìwà burúkú náà. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, Tóyìn sì ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló le jù níbẹ̀: bí ọkùnrin bá fipá bá ọmọbìnrin lò, ta ló jẹ̀bi?

Tóyìn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ilé wọn. Àmúdàtù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ti sunkún sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà pé àbúrò ọ̀gá òun fipá bá òun lò ní ṣọ́ọ̀bù. "Màá sọ fún màmá mi lónìí," ló wí.

Ó yẹ kí ìyẹn ki Tóyìn láyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn géńdé yẹn ṣì ń dún létí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń fọṣọ nídìí ẹ̀rọ omi inú ilé wọn, ó wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọbìnrin tó bá bàjẹ́, ẹ̀bi ta ni?"

"Ẹ̀bi tiẹ̀ ni! Ta ló ní kó máa rìn nírìnkurìn?" Ìyá Àmúdàtù ló kọ́kọ́ dáhùn, bó ṣe ń fún aṣọ. "Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, kó má wulẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tóyìn náà rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe rí ẹsẹ̀ Àmúdàtù lábẹ́ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Nígbà tó máa tún wò, ẹsẹ̀ náà ti kúrò níbẹ̀. Tóyìn mọ̀ pé ó ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

"Tóyìn, kí ló dé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín?" ni Àǹtí Edith bi í. "Kí lo bi wọ́n?"

Tóyìn kò lè parọ́ mọ́. Ó gbé ohùn sókè: "Ẹ má bínú mà, mi ò bi yín dáadáa. Ọmọ tí ọkùnrin fipá bá lò ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀bi ta ni?"

Ìyá kan ṣì ní kí ni ọmọ náà wá lọ ṣe níbi tí wọ́n ti mú un. Ṣùgbọ́n Ìyá Àmúdàtù ju aṣọ sínú báàfù. "Wọ́n fipá mú un, ẹ tún ń bèèrè ẹlẹ́bi? Ẹ̀bi ẹranko tó mú un ni! Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, àyà mi ni màá gbé e lé."

Tóyìn bú sẹ́kún. "Mà, Àmúdàtù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pè é."

Wọ́n pè é títí. Yàrá ti ṣófo, bàtà rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Wọ́n wá a dé Ládìpọ̀, wọ́n wá a dé Costain, wọn ò rí i. Títí di òní, bí géètì bá ti dún, ìyá rẹ̀ á sáré dìde: "Àmú, ṣé ìwọ ni? Wọlé wá o." Ohùn yẹn a sì máa gún Tóyìn lọ́kàn ní gbogbo ìgbà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí wọ́n fipá bá lò kò bàjẹ́. Ẹni tó ṣe é ló bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gba ọ̀rọ̀ òtítọ́ lẹ́nu yín, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kó máa gbọ́ bóyá ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún òun.