Mi Ò Fẹ́ Kí O Dá Lọ

Orí àkàbà ni birikìlà wà, tó ń rẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, nígbà tí obìnrin aránṣọ tó gba ṣọ́ọ̀bù náà wọlé. Símẹ́ńtì já bọ́ sí i lórí. Kò bú u. Ó gbójú sókè, ó ní:

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí? Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

Kò tíì jẹun. Ọjọ́ yẹn nìfẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì jáde mọ́. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń gbé yàrá kan náà.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni aránṣọ. Birikìlà kì í ṣe Kristẹni, wọn kò sì tíì ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí èyí, aránṣọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba Ara Olúwa, àkàrà mímọ́ tí wọ́n ń jẹ nínú ìsìn. Fún ọdún mọ́kànlá, báwọn ẹlòmíì bá dìde láti lọ gbà á, òun á ká ẹsẹ̀ kò kí wọ́n lè ráyè kọjá. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí birikìlà sìn ín lọ, lọ́dún kọkànlá náà, ló rí i.

"Kí ló dé tí o ò bá wọn lọ?"

"Ọ̀rọ̀ tiwa yìí náà ni."

"Áà! Èmi ni mo wá ń febi pa ọ́ látọjọ́ yìí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń kọ́ ṣáájú ìrìbọmi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, lẹ́yìn iṣẹ́, tí gbogbo eegun á ti máa ro ó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni katikísì tó ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí birikìlà ka sákíráméntì méjèèje, àwọn ààtò mímọ́ ìjọ. Ó ka márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Ẹ jí i," ni katikísì wí. "Oorun kò sí lára méjèèje."

Nígbà tí ọdún parí, wọ́n ní kó tún un kọ́. Aránṣọ gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Fádà ní àwọn lè so wá pọ̀ bó o ṣe wà yìí, láìṣèrìbọmi. Jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Ó ti sú mi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wàá dìde lọ gbà á, èmi á wá ká ẹsẹ̀ kò fún ọ. Olólùfẹ́ mi, mi ò fẹ́ kí o dá lọ."

"Ṣé nítorí tèmi nìkan ni?"

Ó ronú díẹ̀. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, bí mo bá ń to búlọ́ọ̀kù, àdúrà tí wọ́n ń kọ́ wa á kàn bọ́ sí mi lẹ́nu. Mi ò mọ̀gbà tó wọlé."

Inú bí aránṣọ, àánú sì ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n birikìlà obìnrin, tó tọ́ ọ lẹ́yìn ikú òbí wọn, gbọ́, ó sì wá bá wọn.

"Ẹ̀sìn tá a bí ọ sí lo fẹ́ jù nù nítorí obìnrin?"

Birikìlà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ohun téèyàn bá dáwọ́ lé, kó parí ẹ̀."

Obìnrin náà kò mu omi wọn kó tó lọ.

Lọ́dún kejì, birikìlà bẹ katikísì pé kó jẹ́ kóun máa dúró kẹ́kọ̀ọ́. Bó bá wà lórí ìdúró, oorun kì í lè gbé e. Bó ṣe dúró títí ó fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Fádà ṣèrìbọmi fún un, ó sì so wọ́n pọ̀. Èèyàn kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi ni mo wá wò o," ló wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "N ò wá kúnlẹ̀."

Tọkọtaya náà jọ lọ gba Ara Olúwa, wọ́n jọ padà síjòókòó. Aránṣọ bú sẹ́kún.

"Kí ló dé, àyànfẹ́ mi?"

"Kò sí. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Birikìlà sún mọ́ ọn, ó sọ èjìká rẹ̀ kalẹ̀ fún un.

"Ó rẹ èmi náà," ló wí. "Ó yá, sinmi."