Ohun Tó Ń Mú Kókó Ọmú Dàgbà

Àyọ̀kẹ́ kì í ṣe olófòófó o. Ilé tirẹ̀ ni, ní Modákẹ́kẹ́. Bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, etí rẹ̀ á ṣáà gbọ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ń sọ. Lọ́jọ́ náà, Ìbùkúnọlá, tó ń ṣe ìwádìí nípa jẹjẹrẹ ní yunifásítì, ń fi àlàyé tó fẹ́ ṣe fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ dánra wò. Bí Àyọ̀kẹ́ ṣe gbọ́ "jẹjẹrẹ", ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kókó kan ti wà nínú ọmú òsì rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Ọsibítù ní kó wá lọ́jọ́ Tọ́sìdé, kí àwọn gé díẹ̀ lára rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó ti pinnu pé òun ò ní lọ.

"Ìbùkún, jáde wá. Kí ló ń mú kókó jẹjẹrẹ dàgbà gan-an?"

Ìbùkúnọlá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Nígbà tí ẹ ń kọ́ ilé yìí, báwo lẹ ṣe ń ránṣẹ́ sí bíríkìlà?"

"Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé ni. Bó bá ti ṣe é tán, kó fà á ya, kó má baà tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ara. Ìwé pélébé yẹn là ń pè ní RNA ońṣẹ́. Òun ló ń gbé àṣẹ lọ síbi iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa. Àwọn èròjà ara kan tí à ń pè ní purotéènì wà tó máa ń dì mọ́ ọn. Òmíràn á dáàbò bò ó, òmíràn á ní kí wọ́n tètè fà á ya. Nínú jẹjẹrẹ, nígbà míì, èyí tó ń dáàbò bò ó á pọ̀jù. Àṣẹ 'ẹ máa pọ̀ sí i' ò wá ní ya mọ́."

"Yéè! Bíríkìlà á wá máa kọ́lé wọ ilẹ̀ onílẹ̀!"

"Ó ti yé yín, Màmá."

"Bu oògùn tó ń fà á ya fún mi níbi iṣẹ́ yín. Díẹ̀ péré."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìbùkúnọlá. "Fún ta ni?"

Àyọ̀kẹ́ jẹ́wọ́.

"Háà, Màmá! A ṣì ń wá oògùn yẹn ni. Ohun tó wà níbẹ̀, májèlé ni fún ẹni tó bá mu ún. Ẹ lọ sí ọsibítù."

"Kí wọ́n fi abẹ kàn án kó bínú? Wọ́n gé ti Fọlákẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpetumodù, kò tó oṣù méjì tó fi kú."

"Kí wọ́n tó lọ sí ọsibítù, ó ti tó ìgbà wo tí kókó náà ti wà lára wọn?"

"Ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo bá a fi pamọ́." Omijé bọ́ lójú Àyọ̀kẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Abẹ kọ́ ló pa wọ́n. Ọdún mẹ́ta yẹn ni."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, àwọn méjèèjì jọ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èsì jáde: jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì tàn ká ara. Àyọ̀kẹ́ ti ń gba ìtọ́jú báyìí, ìbéèrè rẹ̀ ò sì jẹ́ kí àwọn dókítà sinmi.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá rí kókó lára, ẹ má fi pamọ́. Gígé díẹ̀ yẹ̀ wò kì í mú jẹjẹrẹ bínú. Òun ni dókítà fi ń mọ irú rẹ̀ àti ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì béèrè gbogbo ohun tó bá rú yín lójú, torí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ lónìí. Kókó kì í dúró de ẹni tó ṣì ń rò ó.