Olè Abẹ́ Orin Sí Mongi

Ọkùnrin náà fi aṣọ ìnura di kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni di ọmọ tuntun, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù tí Emna ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú Sfax ní Tunisia, lọ́sàn-án gangan. Òógùn bò ó, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin mi, ẹ gbà mí. Ó gbóná bí búrẹ́dì inú ààrò."

"Ẹ ò sì mú ólífì dání ká fi jẹ ẹ́?" ni Emna fi dá a lóhùn. "Kí lẹ ń fi í ṣe?"

"Orin málúfù, orin àtijọ́ ilẹ̀ wa, ni mò ń gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wajdi lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni. Bí Emna ṣe ṣí ojú-ìwé ayélujára tó ti ń gbọ́ orin náà báyìí, fáànù inú kọ̀ǹpútà figbe ta. Ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹnì kan ti fi kóòdù pamọ́ sábẹ́ orin. Ẹni tó bá wá gbọ́ orin, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa bá olè náà wa owó kírípítò, owó orí ayélujára, láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ bàbá Emna, Sí Mongi, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Mongi olórin, ló ni ojú-ìwé yìí. Anis, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ẹni tí bàbá fẹ́ kó fẹ́, ló bá wọn ṣe é.

Emna fi aṣọ́nà tó ń dínà mọ́ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ sínú bùráúsà tí Wajdi fi ń wọ ayélujára. Kọ̀ǹpútà dákẹ́, ṣùgbọ́n Wajdi ò dákẹ́. Ó gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó tún gbé ti ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ wá.

"Ṣé gbogbo kọ̀ǹpútà àdúgbò yín ló ń gbóná ni?"

"Rárá o. Èmi gan-an ni mò ń gbóná."

Emna rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì.

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ kóòdù náà àti ti Wajdi fún bàbá rẹ̀, inú bí i gan-an. "O fẹ́ ba ọmọ ọ̀rẹ́ mi lórúkọ jẹ́ nítorí olùkọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri? Kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi!"

Emna wá ọgbọ́n mìíràn dá. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n jẹ kúsúkúsù ẹlẹ́ja tán, tí Anis náà wà níbẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà méjì kalẹ̀, ọ̀kan ní aṣọ́nà, èkejì ò ní.

"Bàbá, ẹ dijú. Etí olórin ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ."

Orin nìkan ló jáde lára ti àkọ́kọ́. Nígbà tó kan èkejì, fáànù rẹ̀ figbe ta, Sí Mongi sì la ojú rẹ̀.

"Kí ló ń ké lábẹ́ orin mi?"

"Kọ̀ǹpútà àwọn tó fẹ́ràn yín ni. Anis ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Anis ń kólòlò, "kò ṣáà pa ẹnikẹ́ni lára—"

"Àlejò wá gbọ́ orin nílé mi, o wá sọ wọ́n di ẹrú?" Ohùn bàbá ò le rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bani. "Yọ ọ́ kúrò. Kó o sì máa lọ."

Anis yọ kóòdù náà, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, bàbá ní, "Olùkọ́ yẹn, ṣé ó mọ málúfù ni àbí ó ń díbọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá, ohùn rẹ̀ ló burú."

"Jẹ́ kó wá."

Wajdi kó ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé wọn wá tọrọ Emna, àwọn àgbà ka àdúrà Fátíhà, wọ́n fọwọ́ sí i. Níbi tí Emna ti ń da tíì, Wajdi yọ́ bá a.

"Wọ́n ti tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Èmi ò tíì bi ìwọ alára."

"Ó yá, bi mí."

"Emna, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi."

Kó tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀, ìyá Wajdi tó ti ń fetí kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti ké igbe ayọ̀, gbogbo ilé sì gbè é.