Fóònù Àkọ́kọ́ Tí Wọ́n Rà fún Ìyá Kékeré

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aránṣọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nítorí pé ó jọ ìyá bàbá rẹ̀ lójú, tó sì jọ ọ́ lẹ́nu, Ìyá Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá ṣú, ilé ẹ̀kọ́ sì ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé kí àkókò tó tó. Kò sí bí Ìyá Kékeré ṣe lè ránṣẹ́ sílé. Abẹ́ òrùlé ìsọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí ló sá sí títí ìyá rẹ̀ fi wá a kàn. Láti ọjọ́ náà ni tọkọtaya ti fẹnu kò pé ó yẹ kí ọmọ ní fóònù. Irú èyí tí wọn yóò rà ló di àríyànjiyàn.

Ìyá fẹ́ fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, tí ọmọ lè fi pe ilé, tí ilé náà sì lè fi pè é. Bàbá kò gbà. Ó ní wọn yóò fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ oníbàárà kan tí òun ń kan ilẹ̀kùn fún ti ní fóònù ńlá, bẹ́ẹ̀ kò ju Ìyá Kékeré lọ. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá bá fà sẹ́yìn.

Nígbà tí bàbá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fóònù, ẹni tó tà á fún un béèrè bóyá ọmọdé ló máa lò ó, kí òun lè bá a tò ó bó ṣe yẹ ọmọdé, kí àjèjì má lè kọ̀wé sí i lórí rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kó má ṣèyọnu, ọmọ òun á mọ̀ ọ́n lò ju àwọn tó ṣe é lọ.

Bó ṣe gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ìkìlọ̀ kan péré ló fi tẹ̀ lé e.

"Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kan lórí fóònù yìí, ọjọ́ náà ni màá gbà á. O ò sì ní rí i mọ́."

Ọmọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, Ìyá Kékeré á pe ìyá rẹ̀. Àmọ́ fóònù náà ń bá a wọ yàrá, ó ń bá a dé orí ibùsùn, kò sì sí àgbà tó mọ ohun tó ń fi í ṣe níbẹ̀. Nínú eré ìdíje orí fóònù kan tó fẹ́ràn, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i. Ẹni náà ní ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ lòun, pé ìyá òun náà ń ránṣọ. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ náà béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó béèrè àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bá a wí lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ yìí ló ro ẹjọ́ rẹ̀ fún, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rẹ́ náà ní kó wá pàdé òun lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kó dá wá, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Kékeré kọ̀. Ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ẹni náà ní bí kò bá wá, gbogbo ohun tó sọ nípa bàbá rẹ̀ lòun yóò fi han bàbá.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ó ń wọn ọmọ fún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ó fi téèpù yí i níbàdí, ó sì rí i pé ọmọ tó ń dàgbà ti rù. Ó bi í léèrè. Ọmọ ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ kì í jẹun tán mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn ò rí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Àbúrò bàbá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá Kékeré jókòó, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa bọ́tìnnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì rí bí ọmọ ṣe dojú fóònù náà bolẹ̀ kíákíá. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í ní ohun tó sọ fún ọmọ lọ́jọ́ tó fún un ní fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ fún un pé bí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin ni kó kọ́kọ́ sá fún. Bí mo bá mú un sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ẹ máa lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ?"

Bàbá ní òun á gbìyànjú.

Nọ́ọ̀sì padà lọ jókòó ti ọmọ. "Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà torí pé o sọ òótọ́. Bàbá ẹ rèé, ó ń gbọ́ mi. Ta ló ń dẹ́rù bà ẹ́?"

Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀.

"Sọ ọ́, ìyá mi," ni bàbá wí.

Ẹkún ló fi sọ ọ́ tán. Bàbá gba fóònù, ó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àbúrò rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í ní ohun tí wọn yóò fi han ọlọ́pàá bí wọ́n bá pa á rẹ́. Wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ẹni náà, wọ́n sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n fi tó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà létí. Ọlọ́pàá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàlagbà ló ń pe ara rẹ̀ lọ́mọdé. Títí di bí a ṣe ń sọ yìí, wọn ò tíì rí i mú. Ìyá ló ń lọ mú ọmọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́.

Tọkọtaya jọ padà lọ ra fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Fóònù ńlá wà ní pálọ̀, wọ́n ti tò ó fún ọmọdé, ojú àgbà ni Ìyá Kékeré sì ti ń lò ó. Ó ráhùn díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, kí ẹ tó ra fóònù fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí ẹ fẹ́ kó fi ṣe. Bó bá jẹ́ láti pe ilé ni, fóònù kékeré ti tó o. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni kí ẹ wò, ẹ wò ó bóyá ọmọ náà lè sọ pé rárá, tó sì lè wá sọ fún yín. Bó bá jẹ́ fóònù ńlá ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín tò ó kó tó dé ọwọ́ ọmọ, kó má sì bá ọmọ wọ yàrá lọ sùn. Ẹ kọ́ ọ kó má fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò fojú rí rí.

Bí ọmọ bá sì ti kó sí irú wàhálà yìí, ẹ má lù ú, ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì tètè lọ bá ọlọ́pàá. Ọmọ tí ilé ò bá lé, ìta ò ní rí i gbà.