Ìlà Kẹfà Kò Ní Wáyà

Ìdérí ìlà kẹfà já wálẹ̀, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìlà kẹfà kò ní wáyà lẹ́yìn. Èmi fúnra mi ti wò ó.

Ọdún 1961 ni, ní ilé ìtajà kòkó Alàgbà Jọláyẹmí ní Ìkìrun, níbi tí mo ti ń tọ́jú pátákó tẹlifóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá pè láti Inísà tàbí Òkukù, ìdérí kékeré tó wà lójú ìlà rẹ̀ á já, aago á dún. Màá fi ohunkóhun tí mo bá ń ṣe sílẹ̀, màá dá onítọ̀hún lóhùn, màá so ó mọ́ ẹni tó ń wá, màá ti ìdérí padà sókè, kí n tó padà sídìí iṣẹ́ mi. Aago kan ṣoṣo ni gbogbo ìlà ń lò. Bí a bá pa á, gbogbo pátákó ló dákẹ́.

Bọ̀dá Akínyẹlé ló jókòó níbẹ̀ ṣáájú mi. Orí àga yẹn ni wọ́n kú sí, lọ́sàn-án gangan, níbi tí wọ́n ti ń so ẹnì kan ní Inísà mọ́ Òkukù. Láti ìgbà náà ni ìlà kẹfà ti máa ń já fúnra rẹ̀. Àṣẹ Alàgbà Jọláyẹmí, ọ̀gá mi, ni pé bó bá ti já, kí n pa aago, kí n jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti pa á rí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò pa á. Ọmọ́dára, àbúrò mi kan ṣoṣo, ń rọbí ní Òkukù láti àná, nọ́ọ̀sì sì ti ṣèlérí pé bí ọ̀rọ̀ bá le, òun á pè kí mọ́tò ọ̀gá wá gbé e lọ sí Òṣogbo.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ṣe ni wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀.

"Túnráyọ̀, pa aago yẹn."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní pa á."

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Àbúrò mi ni kò gbọdọ̀ kú, sà."

Mo gbé tẹlifóònù sétí. Òórùn áásáà gba imú mi, irú èyí tí Bọ̀dá Akínyẹlé máa ń fín. Ọwọ́ mi tutù títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Dìde lórí àga mi," ohùn náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ mi kò tíì parí."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi ju ẹ̀rù lọ.

"Mi ò ní dìde, Bọ̀dá Akínyẹlé! Bí iṣẹ́ yín kò bá tíì parí, ibi tí ẹ wà yẹn ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ so mí mọ́ Òkukù!"

Mo ti ìdérí kẹfà sókè. Kí n tó mú ọwọ́ kúrò, ìdérí ti Òkukù já.

"Ẹ rán mọ́tò wá kíá, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù!" Nọ́ọ̀sì ni.

Ọ̀gá fúnra wọn ló wa mọ́tò náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n padà dé pẹ̀lú ìròyìn pé Ọmọ́dára àti ọmọbìnrin tó bí wà láàyè. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Ọ̀gá kò jókòó.

"Túnráyọ̀, igi ti wó lu wáyà Òkukù láti àárọ̀ àná. Mo rí i nílẹ̀ nítòsí Inísà, ó já sí méjì. Nọ́ọ̀sì ní òun pè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, àfi ìgbà tí ọkùnrin kan sọ fún òun pé, 'Ẹ dúró, mò ń so yín.'"

Ọ̀gá ní ká dáná sun pátákó náà. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ibi tí a ti ń fà á lọ́wọ́ ni aago ti dún. Ìlà kẹfà ni. Ọ̀gá sá jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Akínyẹlé," mo sọ sínú tẹlifóònù. "Ta ló kù tí ẹ fẹ́ so?"

"Ìwọ ni."

"Ọwọ́ mi ò tíì dilẹ̀," mo dá wọn lóhùn. "Ẹ máa dúró."

Mo ti ìdérí náà sókè, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.